LOUIS AGASSIZ: Ọ̀JỌ̀GBỌ́N TÍ Ó KÓ EYÍN JỌ, TÍ KÒ SÌ GBA Ẹ̀RÍ WỌN

Bí a bá ń ka àwọn ọ̀mọ̀wé tí òkìkí wọn kàn káàkiri àgbáyé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a kò lè fo orúkọ Louis Agassiz. Òun ni ó fi gbogbo ara jókòó ti ìmọ̀ nípa ẹja ayé àtijọ́, àwọn ẹja tí wọ́n ti kú kí ọmọ aráyé tó dé orí ilẹ̀ rárá, tí òkú wọn sì ti di òkúta. Òun náà ni ó fún ekurá tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo ekurá tí a tíì gbúròó ní orúkọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe odindi ẹja náà ni ó rí; eyín rẹ̀ ni ó rí. Àwọn eyín tí ó kó jọ, tí ó mú kí a yà sínú ìwé, tí ó sì sọ lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni àwọn tí ó wá lẹ́yìn rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn títí wọ́n fi di ìtàn ìdílé kan, láti orí baba ńlá dé orí àrọ́mọdọ́mọ. Agassiz fúnra rẹ̀ kò gba ìtàn náà gbọ́. Títí ó fi kú ni ó ń jiyàn pé kò sí ẹ̀dá kan tí ó ti ara ẹ̀dá mìíràn ṣẹ̀ wá.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí eyín ekurá jẹ́. Ekurá ni ẹja apanijẹ inú òkun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní shark. Kò ní egungun líle bí ẹja yòókù. Ohun tí ó gbé ara rẹ̀ ró rọ̀ bí egungun etí ènìyàn, nítorí náà bí ó bá ti kú, gbogbo rẹ̀ a jẹrà, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan tí ó ṣẹ́ kù àfi eyín. Eyín ọ̀hún kò sì níye. Ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni eyín iwájú ń já bọ́, tí ti ẹ̀yìn sì ń sún síwájú láti rọ́pò rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹja kan ṣoṣo lè da ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín sí ìsàlẹ̀ òkun kí ó tó kú. Iyanrìn a bò wọ́n, ẹrẹ̀ a bò wọ́n, wọn a di òkúta. Nígbà tí òkun bá wá fà sẹ́yìn, tàbí tí ilẹ̀ bá gbéra sókè, àgbẹ̀ tàbí awakùsà a máa hú wọn ní ibi tí ó jìnnà sí omi. Ní àtijọ́, àwọn ará Yúróòpù kò mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Wọ́n ní ahọ́n ejò tí ó di òkúta ni, pàápàá àwọn tí wọ́n ń rí ní erékùṣù Malta, wọ́n sì ń lò wọ́n gẹ́gẹ́ bí oògùn tí ń ṣẹ́gun májèlé. Ní ọdún 1667 ni oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Denmark kan, Niels Stensen, tẹ ìwé jáde ní ìlú Florence, lẹ́yìn tí ó ti tú orí ekurá ńlá kan tí àwọn apẹja pa lẹ́bàá Livorno wò, ó sì fi hàn pé eyín ẹnu ẹja náà àti ahọ́n òkúta wọ̀nyẹn kò yàtọ̀. Ọ̀nà ti là láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ó gba ọdún tí ó lé ní àádọ́jọ kí ẹnìkan tó gbé gbogbo ẹrù iṣẹ́ náà rù.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 1807 ni a bí Agassiz ní abúlé Môtier, lẹ́bàá adágún kan ní ilẹ̀ Switzerland. Àlùfáà ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ni baba rẹ̀. Ọmọ oníṣègùn ni ìyá rẹ̀, Rose Mayor. Obìnrin yìí ti bí ọmọ mẹ́rin ṣáájú, gbogbo wọn ni ó sì kú ní kékeré. Ká ní ilẹ̀ Yorùbá ni a bí Louis sí ni, Málọmọ́ tàbí Dúrójayé ni wọn ìbá sọ ọ́. Kò yani lẹ́nu pé ìyá náà fi ojú ṣọ́ ọ bí ẹyin, tí ó sì jẹ́ pé òun ni ọmọ náà ń kọ ìwé ìkọ̀kọ̀ ọkàn rẹ̀ sí títí ó fi di àgbà.

Láti kékeré ni ẹja ti gbà á lọ́kàn. Ní ẹ̀yìn ilé àlùfáà ni ọpọ́n ńlá olókùúta kan wà tí omi ìsun ń ṣàn sínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọdé náà sọ di ilé ẹja rẹ̀. Òun àti àbúrò rẹ̀, Auguste, mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ lásán mú ẹja nínú adágún. Òwò ni àwọn òbí rẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ kí ó ṣe. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀, wọ́n gbà pé kí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ó lọ sí Zurich, ó lọ sí Heidelberg, ó lọ sí Munich. Ní Munich ni ọ̀jọ̀gbọ́n Martius ti gbé àwọn ẹja tí òun àti olóògbé Spix kó bọ̀ láti Bràsíìlì lé e lọ́wọ́ pé kí ó ṣe àlàyé wọn. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Agassiz ní ọdún 1829 tí ìwé náà jáde ní èdè Látìn. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó gba oyè dókítà oníṣègùn, èyí tí ó fi tẹ́ àwọn òbí rẹ̀ lọ́rùn. Kò fi oyè náà tọ́jú aláìsàn.

Ní òpin ọdún 1831 ó dé ìlú Paris, ó sì lọ kí Georges Cuvier, ọba àwọn onímọ̀ ẹranko ní àkókò náà, ẹni tí ó ti fi orúkọ ìwé Bràsíìlì náà júbà. Ó ti pẹ́ tí Cuvier ti ń kó àwòrán àti àkọsílẹ̀ jọ nípa ẹja tí ó di òkúta, tí ó ń rò pé òun yóò kọ ìwé lórí rẹ̀. Nígbà tí ó rí iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, ó kó gbogbo rẹ̀ fún un. Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1832 Cuvier kú, ó sì ku Agassiz nìkan pẹ̀lú iṣẹ́ ńlá náà láìní owó lọ́wọ́. Alexander von Humboldt, arìnrìn-àjò olókìkí ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó fi 1,000 fránkì ránṣẹ́ sí i, tí ó tún bá a wá ipò olùkọ́ ní ìlú Neuchâtel ní Switzerland. Kì í ṣe àkọsílẹ̀ nìkan ni Agassiz jogún lọ́wọ́ Cuvier. Ó jogún ìgbàgbọ́ rẹ̀ pẹ̀lú, pé ẹ̀dá kì í yí padà di òmíràn, àti pé àjálù ńlá ni ó máa ń gbá àwọn ẹ̀dá ìgbà kan lọ. Agassiz fi tirẹ̀ kún un: ó ní lẹ́yìn àjálù kọ̀ọ̀kan ni Ọlọ́run ń dá òmíràn lákọ̀tun.

Láti ọdún 1833 títí dé 1843 ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ẹja tí ó di òkúta fi ń jáde ní apá kọ̀ọ̀kan, títí ó fi di ìdìpọ̀ márùn-ún. Irú ẹja àtijọ́ tí ó lé ní 1,000 ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni a kò sì sọ̀rọ̀ wọn rí nínú ìwé kankan. Láti rí àwọn ẹja wọ̀nyí, ó ń lọ láti ìlú dé ìlú, láti ilé ọlọ́rọ̀ kan sí èkejì, ó ń ṣí àpótí àti dúrọ́ọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ayàwòrán rẹ̀, Joseph Dinkel, sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Nígbà tí ó rí i pé ilé ìtẹ̀wé tí ó lè tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kò sí nítòsí, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Neuchâtel. Gbèsè tí ilé ìtẹ̀wé náà kó o sí kò jẹ́ kí ó sinmi fún ọdún púpọ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ràn án lọ́wọ́ púpọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní London fún un ní àmì ẹ̀yẹ Wollaston ní ọdún 1836, àwọn ìjòyè bí Lord Enniskillen àti Sir Philip Egerton sì ṣí ilé ìkó-nǹkan-sí wọn sílẹ̀ fún un.

Ní ọdún 1834 ni ó dé Lyme Regis ní etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Mary Anning, ọmọ káfíńtà kan tí ń wa òkú ẹ̀dá àtijọ́ lára òkúta etí òkun tí ó sì ń tà á jẹun, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Elizabeth Philpot. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ni ó ti ra nǹkan lọ́wọ́ Mary Anning tí wọn kò dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé wọn. Agassiz kò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin méjèèjì yìí ni wọ́n fi hàn án bí a ṣe lè mọ ẹ̀gún ẹ̀yìn tí ó bá eyín kan mu, kí a tó lè mọ̀ pé ara ekurá kan náà ni wọ́n ti wá. Ó fi orúkọ àwọn méjèèjì sọ ẹja àtijọ́. Ọ̀kan lára èyí tí ó sọ ní orúkọ Anning, irú ekurá kan ni. Kí a fi èyí sí ìhà rere rẹ̀, nítorí ìhà kejì ń bọ̀.

Nínú ìdìpọ̀ kẹta ìwé náà ni ọ̀rọ̀ ekurá ti kún jù. Agassiz rí i pé bí kò tilẹ̀ sí ara, eyín nìkan tó láti fi mọ irú ẹja kan yàtọ̀ sí èkejì, bí ẹni tí ń fi ojú ilà mọ ọmọ ìlú. Ó wo bí eyín ti ga tó, bí ó ti fẹ̀ tó, bóyá ẹnu rẹ̀ dán tàbí ó ní wínníwínní bí ẹnu ayùn, bóyá ṣónṣó kékeré wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì tàbí kò sí. Ó tilẹ̀ gé eyín sí pẹlẹbẹ tín-ín-rín láti wo inú rẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ amúǹkan-kékeré-tóbi. Eyín kan tí ẹnu rẹ̀ dán, tí ó ní ṣónṣó ńlá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sọ ọ́ ní Otodus obliquus. Òmíràn tí ẹnu rẹ̀ dà bí ayùn, tí ṣónṣó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣì wà, ó sọ ọ́ ní angustidens. Èyí tí ó tóbi jù, tí òmíràn nínú rẹ̀ gùn ju ínṣì 6 lọ, tí ó kún àtẹ́lẹwọ́ ènìyàn, tí kò sì ní ṣónṣó ẹ̀gbẹ́ kankan mọ́, ó sọ ọ́ ní megalodon, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Gíríìkì jẹ́ eyín ńlá. Ó sọ eyín mìíràn tí ẹnu rẹ̀ dán, tí ó sì mú bí ọ̀kọ̀, ní hastalis. Kí òǹkàwé fi àwọn orúkọ wọ̀nyí sọ́kàn.

Àwòrán kan wà nínú ìwé náà tí ó yẹ kí a dúró wò dáadáa. Agassiz fa ìlà sókè sódò láti fi ìdílé ẹja kọ̀ọ̀kan hàn. Ìsàlẹ̀ ìwé ni ayé láéláé, òkè ni ayé òde òní. Ìlà a fẹ̀ ní ìgbà tí irú ẹja náà pọ̀, a sì tín-ín-rín ní ìgbà tí wọn kò pọ̀. Bí àwọn ìlà náà ti ń lọ sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń súnmọ́ ara wọn, bí ẹ̀ka tí ń padà sí ara ìtì igi. Ṣùgbọ́n wọn kò kan ara wọn. Àlàfo díẹ̀ ni ó kù láàárín ìlà kan àti èkejì, Agassiz kò sì fà wọ́n pọ̀. Ó pe àwòrán náà ní ìtàn ìdílé àwọn ẹja, síbẹ̀ ìdílé tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò ní baba kan ṣoṣo ni. Ẹni tí ó bá wo ó lónìí yóò fẹ́ mú kálámù kí ó so wọ́n pọ̀. Lójú Agassiz, ìrònú Ẹlẹ́dàá ni ó so wọ́n pọ̀, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ẹja nìkan kọ́ ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ní oṣù keje ọdún 1837 ni ó sọ fún àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ rẹ̀ ní Neuchâtel pé yìnyín ti bo ilẹ̀ tí ó pọ̀ ní Yúróòpù rí. Àwọn kan bí Venetz àti Charpentier ti rí ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú rẹ̀, orúkọ ìgbà yìnyín gan-an sì ti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Karl Schimper, wá. Ìjà ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Agassiz ni ó gun òkè, tí ó fi abẹ́ àpáta kan ṣe ilé lórí odò yìnyín Aar, tí ó sì kọ ìwé rẹ̀ ní ọdún 1840. Nígbà tí ó dé Scotland ní ọdún náà, ó sọ pé adágún tí yìnyín sé ni ó fa àwọn ìlà tí ó dà bí ọ̀nà ní ẹ̀gbẹ́ òkè Glen Roy. Charles Darwin ti kọ̀wé ṣáájú pé òkun ni ó fà á. Agassiz ni ó gba ọ̀rọ̀, Darwin sì gbà níkẹyìn pé òun ṣìnà. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọkùnrin náà kò lè ka ohun tí òkúta bá kọ.

Ilé rẹ̀ kò tòrò tó iṣẹ́ rẹ̀. Cécile Braun, ìyàwó rẹ̀, tí òun náà mọ àwòrán yà dáadáa, tí ó ti bá a ya ẹja ní ìbẹ̀rẹ̀, ti rẹ̀ nínú gbèsè àti nínú ilé tí ó kún fún àwọn olùrànlọ́wọ́ tí ń jẹ tí ń mu. Ó padà sí Jámánì ní ọdún 1845. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e Agassiz gba owó lọ́wọ́ ọba Prussia, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Cécile kú ní ọdún 1848 láìtún fojú kàn án.

Ní Boston, gbọ̀ngàn kì í gba èrò nígbà tí Agassiz bá ń sọ̀rọ̀. Ó lè fi ẹfun ya ẹja sára pátákó bí ó ti ń sọ̀rọ̀ lọ, kí àwọn ènìyàn sì máa pàtẹ́wọ́. Yunifásítì Harvard fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1847. Ní ọdún 1850 ó gbé Elizabeth Cary níyàwó, obìnrin ọlọ́pọlọ pípé tí ó wá di ààrẹ àkọ́kọ́ fún kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin, Radcliffe. Ní ọdún 1859 ni a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹranko sílẹ̀ fún un ní Harvard. Ọ̀nà tí ó ń gbà kọ́ni di ìtàn àpatì: a gbé ẹja kan fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, a ní kí ó wò ó, a sì bá tirẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ní rí iṣẹ́ mìíràn gbà ju pé kí ó tún un wò.

Ìhà kejì ni èyí. Ní ìparí ọdún 1846, ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia, Agassiz rí àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n gbé oúnjẹ fún un. Kò fojú kan aláwọ̀ dúdú lọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé ara òun kọ̀ wọ́n, àti pé ó ṣòro fún òun láti gbà pé ènìyàn kan náà ni àwa pẹ̀lú wọn. Ohun tí ó jẹ́ ìríra ọkàn ní hòtẹ́ẹ̀lì ni ó wá wọ̀ ní aṣọ ìmọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1850, níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Amẹ́ríkà ní Charleston, ìlú àwọn olówó ẹrú, ó kéde pé ẹ̀yà ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní orírun tirẹ̀, pé a dá wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó máa ń sọ pé òun kò fẹ́ òwò ẹrú. Àwọn olówó ẹrú kò bìkítà fún èyíinì. Ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí ó wúlò fún wọn ni wọ́n mú.

Láti Charleston ó kọjá sí Columbia. Ẹni tí ó ṣe ètò fún un níbẹ̀ ni Dókítà Robert Gibbes, àkójọ-eyín-ekurá sì ni iṣẹ́ ìfẹ́ ọkàn òun náà: ní ọdún 1848 àti 1849 ni ìwé Gibbes lórí eyín ekurá àtijọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà jáde. Àwọn méjèèjì lọ wo àwọn ẹrú ní oko. Agassiz yan àwọn tí ó fẹ́, Gibbes sì mú kí ayàwòrán fọ́tò kan, Joseph Zealy, ya wọ́n. Ènìyàn méje ni: Renty àti ọmọbìnrin rẹ̀ Delia, Jack àti ọmọbìnrin rẹ̀ Drana, Alfred, Fassena, àti Jem. A bọ́ wọn sí ìhòòhò níwájú ẹ̀rọ fọ́tò, a yà wọ́n láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti í yí eyín ekurá síhìn-ín sọ́hùn-ún kí a lè rí ojú rẹ̀ gbogbo. Baba ni Renty, ọmọ rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìhòòhò. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó rí i pé eyín méjì bá ara mu kò rí i pé ojú tí ń wo òun láti inú fọ́tò náà kò yàtọ̀ sí ti baba òun. Ní ọdún 1854, Frederick Douglass, ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú rí, dìde níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìpínlẹ̀ Ohio, ó dárúkọ Agassiz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì tú àwíjàre wọn palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1859 ni ìwé Darwin jáde, èyí tí ó sọ pé àwọn ẹ̀dá ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, àti pé orírun kan náà ni wọ́n ti wá. Darwin fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Agassiz pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Agassiz kà á, ó sì kọ̀ ọ́. Asa Gray, onímọ̀ ewéko tí wọ́n jọ wà ní Harvard, ni ó bá a fa ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé Agassiz kò ṣaláìní ìdí. Ó ní àwọn ekurá wà lára ẹja tí ó pẹ́ jù láyé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ẹ̀dá yẹpẹrẹ. Bí ẹ̀dá bá ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, báwo ni ẹni ńlá ṣe wá di ẹni àkọ́kọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n ó dá lórí èrò pé Darwin sọ pé gbogbo ìyípadà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìgbéga, èyí tí Darwin kò sọ. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Agassiz fi í sílẹ̀. Nígbà tí yóò fi di àgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gba ti Darwin, ọmọ bíbí inú rẹ̀, Alexander, pẹ̀lú.

Ní ọdún 1865 ó kó ọkọ̀ lọ sí Bràsíìlì, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Olówó kan ní Boston, Nathaniel Thayer, ni ó san owó rẹ̀. Ọba Dom Pedro Kejì gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Lórí odò Amazon, ẹja ni ó kó bí ẹni kó iyanrìn, ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn rẹ̀ ń wá ni àmì pé yìnyín ti bo ilẹ̀ gbígbóná náà pẹ̀lú, kí ó lè sọ pé gbogbo ẹ̀dá ni ó kú tán tí Ọlọ́run sì dá òmíràn, kí ọ̀rọ̀ Darwin lè di asán. Ó ní òun rí i. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Charles Hartt, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ lọ, padà sọ bẹ́ẹ̀. Ní Rio de Janeiro, ó tún mú kí a ya fọ́tò àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìhòòhò, àwọn tí wọ́n ń pè ní Mina sì wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ yìí ní Rio nígbà náà, ọmọ Yorùbá ni wọ́n, àwọn mìíràn sì ti Bahia wá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ọdún 1835. Ó yani lẹ́nu pé nínú ìwé ìrìn-àjò tí tọkọtaya náà jọ kọ, tí ó jáde ní ọdún 1868, ìyàwó rẹ̀ yin àwọn obìnrin Mina ọjà Rio fún ìdúró wọn àti bí wọ́n ti ń rìn pẹ̀lú iyì. Àwọn ni ìyàwó rí. Ẹ̀yà ni ọkọ rẹ̀ rí.

Ní ọdún 1872 ó dé erékùṣù Galápagos, ibi tí Darwin ti dé ṣáájú rẹ̀. Kò yí ọkàn padà. Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1873 ó ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan sí erékùṣù Penikese, níbi tí àwọn olùkọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, ti ń kọ́ nípa ẹ̀dá òkun ní etí òkun gan-an. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá ọdún náà ni ó kú ní Cambridge. Òkúta kan láti orí odò yìnyín Aar ni wọ́n gbé wá láti Switzerland tí wọ́n fi ṣe àmì ibojì rẹ̀. Ìwé tí ó kọ gbẹ̀yìn láti fi tako Darwin kò jáde títí di oṣù kìíní ọdún 1874, nígbà tí ó ti wọ ilẹ̀ sùn.

Àwọn fọ́tò Columbia wà nínú àpótí kan ní àjà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Peabody ní Harvard títí di ọdún 1976 tí òṣìṣẹ́ kan ṣàdédé kàn wọ́n. Ní ọdún 2019, obìnrin kan tí ó ní ìran Renty ni òun pe yunifásítì náà lẹ́jọ́. Ní ọdún 2025 ni wọ́n fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná, tí Harvard gbà láti fi àwọn àwòrán náà sílẹ̀, kí wọ́n lè lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọmọ Áfíríkà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní Charleston. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Cambridge tí ó ń jẹ́ orúkọ Agassiz di ilé ẹ̀kọ́ Maria Baldwin ní ọdún 2002, orúkọ obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó ti jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ rí. Ní Neuchâtel pàápàá, ní ọdún 2019, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára gbàgede kan, wọ́n fi ti Tilo Frey rọ́pò, obìnrin olóṣèlú tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kamẹrúùnù.

Ní ti àwọn eyín, àwọn tí ó wá lẹ́yìn kó wọn jọ láti ìpele ilẹ̀ kan dé èkejì, wọ́n sì tò wọ́n bí ọjọ́ orí wọn ti rí. Ní ìsàlẹ̀, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, ni obliquus wà, èyí tí àwọn awakùsà fọ́sífétì ń hú lọ́pọ̀lọpọ̀ ní Khouribga ní ilẹ̀ Mòrókò: ẹnu dídán, ṣónṣó ńlá ní ẹ̀gbẹ́. Bí a ti ń gòkè bọ̀, wínníwínní bẹ̀rẹ̀ sí yọ lẹ́nu eyín, ní ìbẹ̀rẹ̀ kò tò dáadáa, lẹ́yìn náà ó tò bí ti ayùn. Eyín ń tóbi, ṣónṣó ẹ̀gbẹ́ sì ń kéré. Auriculatus ni ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ angustidens, lẹ́yìn rẹ̀ chubutensis, tí ṣónṣó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, títí a fi dé ọ̀dọ̀ megalodon, tí kò ní rárá, tí ó sì parun ní nǹkan bí mílíọ̀nù 3.6 ọdún sẹ́yìn. Mẹ́ta nínú orúkọ márùn-ún wọ̀nyí, Agassiz ni ó sọ wọ́n. Ní bèbè Calvert ní ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí òkun ti ń wó ilẹ̀ palẹ̀ tí eyín sì ń já bọ́ sí etí omi, a kó eyín tí ó lé ní 300 jọ, ìwádìí tí ó jáde lórí wọn ní ọdún 2018 sì fi hàn pé ṣónṣó ẹ̀gbẹ́ náà kò pòórá lójijì. Ní ìpele kan, ọ̀pọ̀ ni ó ní in; ní èyí tí ó wà lókè rẹ̀, díẹ̀ ni ó ní in; lókè sí i, kò sí ẹni tí ó ní in mọ́. Kò sí ibi tí ẹnìkan lè dúró sí kí ó ní ìhín ni irú kan pin sí, ọ̀hún ni èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Ní Tógò náà, nínú kùsà fọ́sífétì Hahotoé àti Kpogamé, eyín ekurá àtijọ́ wà nínú ilẹ̀.

Ohun kan tún wà tí Agassiz ṣì mú. Nítorí pé ẹnu eyín megalodon àti ti ekurá funfun òde òní jọ ayùn, inú ìdílé kan náà ni ó kó wọn sí. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n fara balẹ̀ wò ó lẹ́yìn náà rí i pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì gbà dé ibẹ̀. Ekurá funfun ti ara hastalis jáde, eyín ẹlẹ́nu dídán tí ó mú bí ọ̀kọ̀ nì. Ní etí òkun ilẹ̀ Pérù ni wọ́n ti hú ẹja tí ó wà láàárín wọn, tí a sọ lórúkọ ní ọdún 2012, tí wínníwínní ẹnu eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Orúkọ tí Agassiz sọ hastalis ni ó ṣì ń jẹ́.